Orí Keje: Akàndá Ẹ̀dá, Owó Ìrànwọ́ àti Ìjábọ̀ Owó Orí

Bí ènìyàn bá wọ ọjà Odò-Orí ní Ìwó láàárọ̀, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ yóò bá a pàdé kó tó dé ìdí àwọn aláṣọ. Ká fi aránṣọ kan nírú ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún orí yìí. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló bá a jà ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ló ń lò: ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Iwájú ìwé náà ló ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà sí. Tó bá yí i sẹ́yìn, owó ló wà níbẹ̀: èyí tó wọlé lápá kan, èyí tó ná sórí òwú, bọ́tìnnì àti epo jẹnẹrétọ̀ lápá kejì.

Èèyàn méjì ló ti gbà á nímọ̀ràn lórí owó orí. Oníbàárà kan ní kó fọkàn balẹ̀, pé akàndá ẹ̀dá kì í san owó orí. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní òfin tuntun ti dé, kò sẹ́ni tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àní wọn á bu nínú ₦20,000 tí àbúrò rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù láti Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ ire fún un, àwọn méjèèjì ló sì ṣì í lọ́nà. Tó bá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, ìtanràn ni yóò jẹ. Tó bá tẹ̀ lé ti ìkejì, yóò san ohun tí òfin kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A ó ṣírò iye tí ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan yóò ná an nígbà tí a bá dé ìdí ìwé kékeré rẹ̀.

Ṣé orí ni wọ́n ń kà, àbí owó?

Orúkọ tí a ń pe owó orí gan-an wà lára ohun tó ń rú ọ̀rọ̀ yìí lójú. Orúkọ náà ní ìtàn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lugard mú owó orí tààrà wọ ilẹ̀ Yorùbá, ní nǹkan bí ọdún 1916, orí ni wọ́n ń kà lóòótọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi: àgbà ọkùnrin tó bá ti lè ṣiṣẹ́, iye báyìí ni tìrẹ. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò lọ́dún náà. Ogun Adubi jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, owó orí sì wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà tún dìde ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nítorí owó orí tí kò wò ó bóyá kòkó àgbẹ̀ so tàbí kò so. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ bí àwọn agbowó orí ṣe ń dúró lójú ọ̀nà oko, tí wọ́n ń béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá. Lójú tèmi, inú ìrántí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ oníbàárà aránṣọ wa ti wá. Nígbà tó jẹ́ pé agbára ara ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò san, kò yani lẹ́nu bí ènìyàn bá rò pé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé kò sí lára ẹni tí wọ́n ń kà.

Òfin òde òní kò ka orí mọ́. Owó ló ń kà, ohun tó sì kọ́kọ́ ń béèrè ni ibi tí owó náà ti wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di èyí mú ṣinṣin, nítorí gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí ń padà síbẹ̀: òfin kò wo ara ẹni tó gba owó, orísun owó náà ló ń wò. Afọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba yóò san owó orí lórí owó oṣù rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó gba owó gbà-má-bínú, tí apá náà sì ti san pátápátá, kò ní san kọ́bọ̀ lórí owó gbà-má-bínú yẹn.

Ìbéèrè méjì tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Ṣé wọ́n ń bu owó orí lé owó yìí? Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀ fún ìjọba? Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ìjábọ̀ owó orí ni fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ń sọ lọ́dọọdún pé, iye báyìí ló wọlé fún mi, ibi báyìí ló sì ti wá. Ènìyàn lè kọ ìjábọ̀ kó má sì san nǹkan kan. Ẹni tí kò jẹ gbèsè owó orí rárá sì lè jẹ ìtanràn nítorí pé kò kọ ọ́.

Òfin tó wà nílẹ̀

Láti 1961 ni òfin àpapọ̀ kan ti wà tó ń tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ sọ́nà lórí owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin 1993 gba ipò rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun mẹ́rin. Méjì nínú wọn ló kàn wá níbí. Nigeria Tax Act sọ owó tí a ó bu owó orí lé àti iye tí a ó bù. Nigeria Tax Administration Act sọ ẹni tí yóò kọ ìjábọ̀, ìgbà tí yóò kọ ọ́, àti ìyà ẹni tí kò kọ ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe to owó náà. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ fún owó orí lọ́dún, a kì í bu nǹkan kan lé e. Mílíọ̀nù méjì lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà tó tẹ̀ lé e, kọ́bọ̀ 15 ni lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kọ́bọ̀ 18. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè lọ títí ó fi dé kọ́bọ̀ 25 lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, kò san nǹkan kan.

Ibo ni owó náà ń lọ? Ibi tí ènìyàn fi ṣe ibùgbé ló ń pinnu. Ìwó súnmọ́ Ìbàdàn débi pé àwọn kan ń jí lọ síṣẹ́ níbẹ̀ láràárọ̀ tí wọ́n sì ń padà wá sùn sílé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni owó orí irú wọn, Ọ̀yọ́ kọ́. Àjọ agbowó orí ìpínlẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ni wọn yóò kọ ìjábọ̀ sí. Àwọn ológun àti ọlọ́pàá nìkan ló yàtọ̀ láàárín àwọn tí a máa ń bá pàdé nílé lóko: ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni tiwọn wà.

Owó wo ni akàndá ẹ̀dá ń gbà nílẹ̀ wa?

Kí a tó béèrè bóyá wọ́n ń bu owó orí lé owó ìrànwọ́, ó yẹ ká béèrè bóyá owó ìrànwọ́ wà. Nàìjíríà kò ní owó oṣooṣù kankan tí akàndá ẹ̀dá yóò máa gbà kìkì nítorí pé ó jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lòdì sí fífi ojú yẹpẹrẹ wo akàndá ẹ̀dá. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí èèyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Owó oṣooṣù kò sí nínú rẹ̀. Òfin Èkó tó ti wà ṣáájú, láti 2011, náà dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún wọn.

Owó tí àwọn ìjọba kan ń pín, ti àwọn àgbàlagbà tàbí ti tálákà ni. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù ní 2011, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ọ̀ṣun náà ní ètò Àgbà Ọ̀ṣun nígbà Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ₦10,000 lóṣù. Ìjọba àpapọ̀ kéde ₦25,000 fún ìdílé tálákà ní 2023, fún oṣù mẹ́ta. Bí akàndá ẹ̀dá bá wà lára àwọn tó gbà á, kò ní kọ́bọ̀ owó orí láti san lórí rẹ̀, torí ìrànwọ́ ni, kì í ṣe èrè iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàká tí wọ́n bá pín fún un, ọrẹ tí ìjọ rẹ̀ bá dá fún un, àti owó tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ bá fi ránṣẹ́. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn. Níbí ni aládùúgbò aránṣọ wa ti ṣìnà.

Owó tó tóbi, tó sì gba àlàyé, ni èyí tó ń tẹ̀yìn iṣẹ́ wá.

Igi tó já lu oníṣẹ́

Ká mú ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì, tó ń gba ₦120,000 lóṣù. Lọ́jọ́ kan, igi tí wọ́n ń rọ̀ nínú ọkọ̀ já lù ú, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, dókítà sì ní kò ní rìn mọ́. Láyé àtijọ́, ọ̀gá rẹ̀ lè gbé owó ilé ìwòsàn kalẹ̀, kó kó ìrẹsì àti epo lọ kí i, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2010 yí ìyẹn padà. Ó ní kí olúkúlùkù agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ tó ń bójú tó owó náà. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní dá nǹkan kan. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sọ fún àjọ náà láàárín ọjọ́ méje, kí ìwé ìbéèrè fún owó náà sì dé kí ọdún kan tó pé. Ẹbí tí ìbànújẹ́ ti mú lọ́kàn máa ń jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyí kọjá lọ. Mo bẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ibí yìí kó kọ wọ́n sára ògiri ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé yóò máa gba 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí jẹ́ ₦108,000 lóṣù, ₦1,296,000 lọ́dún. Ó dà bí owó oṣù lójú: oṣooṣù ló ń dé, báǹkì kan náà ló ń wọ̀. Àmọ́ òfin kò pè é ní owó iṣẹ́. Owó gbà-má-bínú fún ìpalára ni, òfin 2025 sì yọ irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú owó orí tí kò bá ju mílíọ̀nù 50 náírà lọ. Lórí ₦1,296,000 lọ́dún, yóò gbà á ju ọdún 38 lọ kó tó kó mílíọ̀nù 50 jọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ₦1,440,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún. Ká gbé àwọn ìyọkúrò tì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìṣirò má bàa dí. A yọ ₦800,000, ó ku ₦640,000. Kọ́bọ̀ 15 lórí náírà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦96,000, ìyẹn ₦8,000 lóṣù. Èyí tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦112,000. Ní báyìí, ₦108,000 ń dé ọwọ́ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá bu owó orí lé e bíi ti owó oṣù, yóò tún já sísàlẹ̀, lásìkò tí oògùn àti ẹni tí yóò máa gbé e ń ná an lówó tí kò ná tẹ́lẹ̀.

Ohun tó bani nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú òfin. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kéékèèké kò tíì san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún yẹn rí, òṣìṣẹ́ wọn kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n san án.

Owó ìfẹ̀yìntì àti ti ológun

Olùkọ́ tí àtọ̀gbẹ fọ́ lójú lẹ́ni ọdún 44 kò ní láti dúró dé 50 kó tó fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òfin 2014 lórí owó ìfẹ̀yìntì gbà á láàyè bí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn bá jẹ́rìí pé ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́. Owó náà, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí òun dá àti 10 tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ dá, kò ní owó orí nínú. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ yìí bá kọ́ ilé yàrá mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìlú tó sì ń gba owó ilé, owó ilé yẹn yẹ fún owó orí. Àìríran rẹ̀ kò yí èyí padà.

Ti ológun ti pẹ́ nínú òfin. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san fún ológun nítorí ọgbẹ́ tàbí àbùkù ara tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ wà lára owó tí òfin àtijọ́ yọ sílẹ̀, pẹ̀lú ti ẹni tí ọ̀tá ṣe léṣe lójú ogun bí kò tilẹ̀ jẹ́ ológun. Àwọn tó jà lójú Ogun Hítílà ní Boma àti àwọn tó jà nínú ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ń bẹ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọ̀pá, ẹlòmíràn láìlẹ́sẹ̀ kan. Ológun tó fara gbọgbẹ́ lónìí ní ìhà àríwá Nàìjíríà ló jogún àǹfààní náà.

Ìwé kékeré aránṣọ wa

Ká padà sí Odò-Orí. Kò sẹ́ni tó ń san owó gbà-má-bínú fún aránṣọ wa, kò sì ṣiṣẹ́ oṣù rí. Èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, òfin sì ń bu owó orí lé èrè. Ká ní ìwé rẹ̀ fi hàn pé ₦2,300,000 wọlé lọ́dún, tí òwú, bọ́tìnnì, epo, àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó ṣọ́ọ̀bù gba ₦900,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,400,000. Ó ń san ₦200,000 fún yàrá tó ń gbé, òfin sì gbà á láàyè láti yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, bí ohun tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ₦40,000. Ó ku ₦1,360,000. A yọ ₦800,000 tí a kì í bu nǹkan lé, ó ku ₦560,000. Kọ́bọ̀ 15 lórí náírà kọ̀ọ̀kan: ₦84,000 lọ́dún, ₦7,000 lóṣù.

Bó bá gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, tó ka owó àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, ₦240,000 yóò gun èrè rẹ̀ lórí, yóò sì san ₦36,000 tí kò jẹ. Bó bá gbọ́ ti oníbàárà, tí kò kọ ìjábọ̀ rárá, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Oṣù àkọ́kọ́ nìkan ti ju gbogbo owó orí ọdún náà lọ. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kejìlá, ó di ₦500,000, owó orí tó jẹ sì wà níbẹ̀ sí i.

Bí kò bá sí ìwé kékeré yẹn ńkọ́? Ọ́fíìsì owó orí lágbára láti fojú díwọ̀n èrè rẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tí wọ́n bá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá, tí aṣọ kún ibẹ̀ dé òrùlé, wọ́n lè rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí lọ́dún yípo. Ohun tó kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ta ló gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀?

Ẹni tó bá ń ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó ń gba owó ilé, ẹni tó ní ju orísun owó kan lọ, kí ìjábọ̀ wọn dé kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, lórí owó ọdún tó ṣáájú. Agbanisíṣẹ́ ní tirẹ̀ ń yọ owó orí òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, ó gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, yóò sì kọ ìjábọ̀ ọdún kí oṣù kìíní tó parí. Kí òṣìṣẹ́ má fi ìyẹn sinmi: bó bá ń ta nǹkan lẹ́yìn iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ kò mọ̀ nípa ìyẹn.

Ọkùnrin sọ́míìlì wa ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé owó gbà-má-bínú nìkan ló ń gbà, kò jẹ owó orí. Bó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí iwájú ilé, tí èrè ibẹ̀ jẹ́ ₦500,000 lọ́dún, èrè náà kò tó ₦800,000, nítorí náà kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n oníṣòwò ti ni, ó sì yẹ kó kọ ìjábọ̀. Òdo ni yóò kọ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ní tèmi, èmi a gba ẹnikẹ́ni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kó kọ ìjábọ̀ òdo náà, kó sì kọ owó gbà-má-bínú sí ibi tó yẹ kí owó tí òfin yọ sílẹ̀ wà. Báǹkì ń béèrè nọ́ńbà owó orí, NIN ẹni ló sì ti di nọ́ńbà náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan báyìí. Owó tó ń wọ àkáǹtì lóṣooṣù tí kò ní àlàyé lè mú ìbéèrè wá lọ́jọ́ iwájú. Ó sàn kí àlàyé ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìbéèrè.

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ owó, alágbàtọ́ rẹ̀ tàbí ẹni tó ń bójú tó ohun ìní rẹ̀ ló máa kọ ọ́ fún un. Ẹni tí kò ríran lè rán ẹlòmíràn kọ ọ́. Òfin kò ní kí ẹni tó ni owó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ní òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham tàbí Houston ló ń béèrè ohun kan náà, ìdáhùn wọn sì ń fi hàn pé orísun owó ni òfin ibẹ̀ náà kọ́kọ́ ń wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í bu owó orí lé owó akàndá ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní PIP, tàbí Attendance Allowance tí àgbà tó nílò olùtọ́jú ń gbà. Ṣùgbọ́n Carer's Allowance, tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń tọ́jú aláìlera, yẹ fún owó orí, bẹ́ẹ̀ náà ni ESA, owó ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, bí ènìyàn bá gbà á nítorí owó ìdánilójú tó ti san lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ wọn là ni pé £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí.

Ní Amẹ́ríkà, SSI, tí ó wà fún akàndá ẹ̀dá tí kò ní nǹkan, kò yẹ fún owó orí rárá. SSDI, tí ènìyàn gbà nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ tó sì ti dá owó Social Security, lè yẹ. Wọn a mú ìdajì owó náà, wọn a rò ó mọ́ owó mìíràn tó wọlé. Bó bá ju $25,000 lọ fún ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ nìkan, tàbí $32,000 fún tọkọtaya tó kọ ọ́ pọ̀, apá kan di owó tí wọ́n ń bu owó orí lé. Ká ní arábìnrin kan gba $18,000 lọ́dún, tó sì rí $12,000 níbòmíràn: ìdajì 18,000 jẹ́ 9,000, àpapọ̀ 21,000, kò dé ibẹ̀. Bí owó ibòmíràn bá jẹ́ $20,000, àpapọ̀ di 29,000, ó fi 4,000 kọjá, ìdajì ìyẹn, $2,000, ni wọn yóò kà mọ́ owó tó yẹ fún owó orí. Àwọn iye 25,000 àti 32,000 yìí, òfin 1983 ló gbé wọn kalẹ̀, wọn kò sì tíì yí wọn padà bí ọjà ṣe ń gbówó lórí tó. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ń gòkè kọjá wọn láìlówó sí i.

Ohun tí òfin tuntun kò fi sí i

Òfin 2025 ṣe ohun kan tó wù mí: kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àti ìwé Braille kò sí lára ọjà tí wọ́n ń bu VAT lé, ìyẹn kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ arọ ₦400,000 kò ní fi ₦30,000 lé e.

Ṣùgbọ́n nínú ohun tí òfin ní kí ènìyàn yọ kí ó tó ṣírò owó orí, a rí owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì, ìdánilójú ìlera, ètò ìkọ́lé, èlé lórí owó tí ènìyàn yá kọ́ ilé tó ń gbé àti owó ìdánilójú ẹ̀mí. Kò sí ti akàndá ẹ̀dá níbẹ̀. Òfin àtijọ́ ní ìgbà kan fi ìyọkúrò sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ oṣù tó ń lo ohun èlò àkànṣe tàbí tó ní olùrànlọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àbùkù ara. Aránṣọ wa ń san owó kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nítorí kò lè rìn wá sọ́jà bí aládùúgbò rẹ̀, ó sì ń fún ọmọkùnrin kan lówó kó máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ń ná an ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, àtẹ̀gùn owó orí kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń gùn. Ó yẹ kí ìyọkúrò kan wà fún irú ìnáwó yìí, mo sì rò pé ìgbìmọ̀ tó tún òfin náà ṣe ní àǹfààní láti fi í sí i.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mẹ́káníìkì kan tó jẹ́ adití ní Ìwó rí èrè ₦1,000,000 ní 2026. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, ó sì ń san ₦150,000 fún ilé tó ń gbé. Ṣírò owó orí rẹ̀, kí o sì sọ owó tí o kò kà mọ́ ọn àti ìdí tí o kò fi kà á.

2. Ní ọ̀rọ̀ ara rẹ, ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín owó tí a kì í bu owó orí lé àti ẹni tí kò ní láti kọ ìjábọ̀. Fi ọkùnrin sọ́míìlì ṣe àpẹẹrẹ, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àti lẹ́yìn tó ṣí i.

3. Béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ mẹ́ta ní àdúgbò rẹ bóyá wọ́n ń san owó NSITF fún òṣìṣẹ́ wọn. Kọ ohun tí wọ́n sọ láìdárúkọ wọn.

4. Lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Ka iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín ojú títì àti tábìlì tí wọ́n ti ń gbà á, kí o sì yà á sínú ìwé rẹ.